Yàrá Ìkókó Tí Wọ́n Tì Pa

Ooru inú yàrá náà tó se ẹyin. Wọ́n ti fèrèsé pa, wọ́n sì fi aṣọ dí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, nítorí Ìyá Àgbà Rọ̀kíbátù ní òtútù kò gbọdọ̀ fẹ́ sí ìkókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ. Mùnírátù, ìyá ọmọ, ń làágùn yọ̀bọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ìyá ọkọ jiyàn?

Àfi gbà! lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré lọ́wọ́. Ó ní Jọláolúwa lòun ń jẹ́, pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń kárí àdúgbò Lasunwon láti wọn ìtànṣán tí ojú kò rí nínú ilé oníkọnkéré. Bó ti gbé e sún mọ́ ògiri, ẹ̀rọ ń dún: ta, ta, ta.

Rọ̀kíbátù gbá ọmọ mọ́ra. "Mo ti wí! Òkúta tí lanlọ́ọ̀dù fi kọ́lé yìí kò mọ́. Mùnírátù, di ẹrù. Agbowa là ń lọ. Ilé alámọ̀ bàbá mi kì í dún."

Mùnírátù kò di ẹrù. Ṣùgbọ́n àlejò yìí gan-an kò dá a lójú. Ta ló mọ̀ bóyá ilé ni wọ́n fẹ́ wó?

Ó ní, "Àǹtí, ẹ gbé ẹ̀rọ yín wá sídìí igi máńgòrò tó wà níta."

Wọ́n jáde. Lórí ilẹ̀ lásán, ẹ̀rọ tún dún: ta... ta...

"Màámi, ṣé lanlọ́ọ̀dù ló kọ́ máńgòrò náà ni?"

Rọ̀kíbátù ṣu ẹnu jọ. Jọláolúwa rẹ́rìn-ín.

"Inú ilẹ̀ ni ìtànṣán yìí ti ń wá, Mà. Ó ti wà nínú yanrìn àti òkúta tí a fi ń po kọnkéré láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé. Amọ̀ Agbowa náà, ṣebí ilẹ̀ ni. Ti ògiri yín kéré, kò tó ohun tí à ń sá fún. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan tún ń yọ láti inú ilẹ̀ àti ògiri, kò láwọ̀, kò lóòórùn. Bí fèrèsé bá ṣí, á fẹ́ lọ. Bí ẹ bá tilé pa báyìí, inú ibẹ̀ ni yóò máa kó jọ sí. Ẹni tó bá ń fà á símú púpọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́."

"Òtútù ńkọ́?" Ojú Ìyá Àgbà ṣì le.

"Ẹ dé e ní fìlà, ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ, ẹ má tẹ́ ẹ sójú afẹ́fẹ́ gan-an."

Rọ̀kíbátù wọlé, ó ṣí fèrèsé kan. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà wọlé wẹ́rẹ́, ìkókó sì mí kanlẹ̀.

"Ẹyọ kan ni mo ṣí o!"

Mùnírátù rọra ṣí èkejì.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má torí ìbẹ̀rù kó kúrò nílé yín. Ilé ni o, ọ́fíìsì ni o, ilé ìjọsìn ni o, ẹ máa ṣí fèrèsé lójoojúmọ́, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dènà ẹ̀fọn. Bí ẹni tó wá wọn ilé bá sì dé, ẹ fura sí i bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè kí ẹ tó di ẹrù.