Ibi Tí Kò Sí Àsíá

Òjò ń rọ̀ ní Camberwell Green nílùú Òyìnbó láàárọ̀ ọjọ́ tí Adéolú kọ́kọ́ fojú kan Hameedah. Ó ti fẹ́ pa ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì tó ń wà, ló bá rí obìnrin kan nínú dígí tó ń sáré bọ̀, híjáàbù rẹ̀ rin gbingbin. Adéolú dúró dè é.

"Aunty, ẹ rọra o. Mo ti rí yín."

Hameedah ń mí hẹlẹ, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ah, ọmọ Yorùbá ni driver wa! Ẹ ṣeun gan-an. Night shift ni mo ti ń bọ̀, ẹsẹ̀ mi ti kú."

Nọ́ọ̀sì ni. Láti ọjọ́ náà, ìjókòó iwájú ló máa ń yàn. Kí ìgbà òtútù tó parí, "Aunty" ti di "Àdùkẹ́ mi", "driver" sì ti di "Adé".

Ilé ni wàhálà wà. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni Adéolú dàgbà sí, Alhaji Tàjùdéèn, bàbá Hameedah, kì í sì í pa ìrun jẹ. Ìyá rẹ̀, Alhaja Àsúmáù, kò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ Adéolú sétí. Roqeeb, ẹ̀gbọ́n Hameedah, nìkan ló dúró tì wọ́n.

"Mummy, ẹ wo bí ọmọ yín ṣe ń rẹ́rìn-ín láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n," ló máa ń sọ. "Ta ló tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún un rí?"

Díẹ̀díẹ̀, Alhaja rọ̀. Lẹ́yìn iléyá, wọ́n ní kí Adéolú wá jẹun nílé àwọn ní Nunhead. Alhaja fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ fún un.

"Tí ọmọ mi bá wà lọ́dọ̀ ẹ, ṣé ọkàn mi á balẹ̀?"

"Á balẹ̀, Mà."

Nígbà tí oòrùn oṣù kẹjọ mú, Roqeeb fi mọ́tò rẹ̀ gbé àwọn méjèèjì lọ sétíkun. Èrò ti kún bámúbámú láàárín àwọn àsíá pupa òun yẹ́lò, níbi tí àwọn lifeguard ti ń ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́. Adéolú ní kí àwọn rìn síwájú, síbi tó dákẹ́. Pátákó kan wà níbẹ̀ tó ní kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ omi, pé ìṣàn eléwu wà.

Hameedah kà á tán. "Adé mi, jẹ́ ká padà síbi àsíá."

"Èmi tí mò ń lúwẹ̀ẹ́ ní swimming pool Peckham lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Olólùfẹ́, wo ọ̀hún yẹn, omi ibẹ̀ pa rọ́rọ́, kò sí ìgbì kankan."

Ó wọ inú omi, kò mọ̀ pé ibi tí ìgbì kò ti fọ́ yẹn gan-an ni omi ń gbà padà sínú òkun. Omi kò tíì ju àyà rẹ̀ lọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kúrò nílẹ̀. Ó kọjú sí etíkun, ó ń fi gbogbo agbára lúwẹ̀ẹ́, síbẹ̀ ńṣe ni ilẹ̀ ń jìnnà sí i. Ó figbe ta.

Hameedah ti ń pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ó ń bèèrè Coastguard, àwọn tó ń gbani lójú òkun. "Adé, má bá omi jà! Fẹ̀yìn lé omi, kó o léfòó!" Bó ti yíjú, Roqeeb ti bọ́ bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, má wọ̀ ọ́! Wọ́n ń bọ̀!"

"Ọkọ àbúrò mi nìyẹn," Roqeeb wí, ó sì bẹ́ sómi.

Adéolú fẹ̀yìn lé omi, ó na apá. Ìṣàn náà gbé e títí agbára omi fi dín kù, tó sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi tó wá gbà á là gbé e, ó bèèrè Roqeeb. Wọ́n rí Roqeeb kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti bọ́.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Adéolú lọ dọ̀bálẹ̀ ní Nunhead. Alhaja tẹjú mọ́ ọn.

"Mi ò ṣépè fún ẹ o. Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má jẹ́ kí n máa rí ẹ."

Hameedah ló sìn ín dé ẹnu géètì.

"Àdùkẹ́ mi, ká ní mo gbọ́ tìẹ…"

"Mo mọ̀. Mo ṣì nífẹ̀ẹ́ ẹ, ìyẹn gan-an ló ń pa mí. Tí mo bá fẹ́ ẹ, ojoojúmọ́ ni màá máa bi ara mi pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ lo padà wálé." Ó nu ojú. "Ṣọ́ọ̀ṣì yín máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sétíkun. Bá mi sọ fún wọn."

Nígbà tí ooru padà dé, Adéolú dúró níwájú àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. "Àárín àsíá ni kẹ́ ẹ wà," ló sọ fún wọn. "Bí omi bá ń gbé yín lọ, ẹ má bá a jà, ẹ léfòó. Bó bá sì jẹ́ ẹlòmíràn ló ń gbé lọ, ẹ má bẹ́ sí i, bó ti wù kẹ́ ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ẹ pe 999, kẹ́ ẹ ju ohun tó lè léfòó sí i." Ó sọ ti Roqeeb fún wọn, kò fi nǹkan kan pamọ́.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bethany nawọ́ sókè. "Uncle Adé, aunty yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ padà fẹ́ra yín?"



"Ó wà ní Nunhead," Adéolú wí. Èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì náà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ẹnu géètì yẹn, kò tíì débẹ̀ mọ́. Ó mú ojú kúrò lára ọmọ náà, ó sì bi wọ́n bóyá ẹnì kan tún ní ìbéèrè.