Kí Qowiyyu Tó Padà Lọ Dọ̀bálẹ̀

Ọjọ́ tí Qowiyyu kọ́kọ́ rí Tiwátọ́pẹ́, ojú rẹ̀ dúdú fún èéfín irin. Ọmọ Kétu ni Qowiyyu, wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ní àdúgbò Venez-Voir. Kíláàsì kẹrin ló ti kúrò nílé ìwé. Òyìnbó kan fẹ́ gbà á síṣẹ́ ní ìlú Port-Gentil, ṣùgbọ́n ó ní kó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ná. Wọ́n wá júwe Tiwátọ́pẹ́, ọmọbìnrin tó ń kọ́ni ní àdúgbò Avéa, níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, fún un.

"Patron, ọ̀gá mi, ẹ ò tiẹ̀ bọ́jú wá."

"Ọpọlọ ni mo gbé wá, kì í ṣe ojú."

Tiwátọ́pẹ́ rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ gbà wọlé.

"Will have" ló le jù fún Qowiyyu.

"Fọkàn lọ iwájú, kí o wá bojú wẹ̀yìn," ni Tiwátọ́pẹ́ wí. "Ohun tí yóò ti parí kí àkókò kan tó dé ni. By the time you come, I will have cooked. Kí o tó dé, màá ti se oúnjẹ tán."

"Ṣé o máa sè é lóòótọ́?"

"Sọ gbólóhùn tìẹ ná, olówó orí mi."

Kò rí tirẹ̀ sọ.

Nígbà tí òun àti Abdoulaye ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ tọrọ ọmọ, bàbá Tiwátọ́pẹ́ ní, "Ẹni tí kò parí ìwé mẹ́fà, ṣé irin ni yóò máa fún ọmọ mi jẹ?" Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó bá sì wọ Qowiyyu nínú kì í jáde mọ́.

"Bàbá mi ń dán ẹ wò ni," ni Tiwátọ́pẹ́ fi bẹ̀ ẹ́. "Wọ́n lé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi náà bẹ́ẹ̀. Padà wá, dọ̀bálẹ̀, ó tán."

"Àyà mi ò ní kan ilẹ̀ ilé yẹn mọ́, àfi kí bàbá ẹ wá bẹ̀ mí."

"Chéri, olólùfẹ́ mi, jọ̀ọ́. Bàbá lé àwọn ará ilé Ismaël tóun náà ń fẹ́ mi, wọ́n sì ti padà wá. Kí ẹ̀rùn tó parí, Bàbá á ti fà mí lé wọn lọ́wọ́."

Qowiyyu fa ìbojú iṣẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, ó kọjú sí irin. Tiwátọ́pẹ́ dúró títí, ó sunkún lọ.

Àárò rẹ̀ wá jẹ Qowiyyu dé egungun. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó bọ́jú, ó gba Avéa lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá Tiwátọ́pẹ́ ní, "Ìwọ ni mo retí, ọmọ mi. Mo retí títí, ó sú mi. Tiwátọ́pẹ́ ti wà nílé Ismaël ọkọ rẹ̀ ní Okala. Dìde."

Àyà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Gbólóhùn tí Tiwátọ́pẹ́ ní kó sọ ti wà lórí ahọ́n rẹ̀ báyìí: By the time I come, you will have gone. Kí n tó dé, wàá ti lọ.

Kò ṣì í. Kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ.