Sikọ́láṣíìpù Tí Wọ́n Ní Kí Ìyá Má Sọ Fún Ẹnikẹ́ni

Orin kò kúrò lẹ́nu ìyá aránṣọ láti ìgbà tí èsì ìdánwò àṣekágbá ti jáde, tí ọmọbìnrin rẹ̀ sì gba ipò kìíní nínú gbogbo ilé-ìwé girama agbègbè wọn. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé ó rán apá ẹ̀wù oníbàárà kan sódì.

Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo bá yín yọ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú apá yìí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ náà, nítorí ìwé kì í kúrò lábẹ́ abíyá rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọkùnrin kan tó wọ kóòtù yọjú sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ṣé ẹ̀yin lẹ bí ọmọ tí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ ẹ̀? Ẹgbẹ́ wa ń fún àwọn ọmọ tó mọ̀wé ní sikọ́láṣíìpù lókè òkun. Owó ilé-ìwé, ilé, oúnjẹ, ọkọ̀ òfuurufú, ọrùn wa ni gbogbo ẹ̀ wà."

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyá.

"Sátidé la máa gbéra," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ bá mi wá ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí ẹ̀. Nọ́ńbà fóònù mi rèé. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o, títí kan ilé-ìwé ẹ̀. Ẹ mọ ayé. Gbogbo ẹni tó ń bá yín rẹ́rìn-ín kọ́ ló ń bá yín yọ̀."

Ìyá gbà, ó sì dúpẹ́ títí. Opó ni, òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ yunifásítì ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tipẹ́.

Nígbà tí ọmọ dé, ó rọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Ojú ọmọ fà ro.

"Kí ló dé? Inú ẹ ò dùn ni?"

"Ó dùn, Màmá. Ṣé ó bi yín ohun tí mo fẹ́ kọ́?"

"Rárá."

"Kí lorúkọ ilé-ìwé tó ń mú mi lọ?"

Ìyá kò béèrè ìyẹn náà. Ló bá fi ìbínú bò ó. "Ìbéèrè ẹ ti pọ̀ jù! Ṣé kí n máa ránṣọ títí ojú mi á fi fọ́ ni?"

"Ẹ má bínú, mà," ni ọmọ wí, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

Omijé yẹn kò jẹ́ kí ìyá gbádùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wé gèlè, ó di ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé.

Ọ̀gá náà gbọ́ ọ látòkè délẹ̀, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ ṣeun tí ẹ wá, Màmá. Ìfẹ́ tí ẹ ní sọ́mọ ni wọ́n fẹ́ fi mú yín. Sikọ́láṣíìpù tòótọ́ kì í sá fún ilé-ìwé. Èsì ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè. Wọ́n á sọ orúkọ yunifásítì, a ó sì lè pe ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí ẹ pa á mọ́, tó ń kán yín lójú, tó sì fẹ́ dá nìkan mú ọmọ lọ, ẹ ṣọ́ ọ. Àwọn kan ń fi orúkọ ẹ̀kọ́ kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sóko ẹrú."

Ìyá ká ọwọ́ lérí. "Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní! Ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi di ẹrù ẹ̀."

"Ẹ ò tíì dì í. Ẹ pe ọkùnrin náà. Ẹ ní mo fẹ́ rí i."

Ìyá pè é lójú ẹsẹ̀. Ohùn tó dùn bí oyin lánàá korò lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ta ló ní kí ẹ sọ fún un? Ẹ ti ba tiyín jẹ́!"

Ó pa fóònù. Ìyá àti ọ̀gá ilé-ìwé gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, wọ́n sì fi nọ́ńbà ọkùnrin náà sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó di Sátidé, ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ ọkùnrin náà ní ibùdókọ̀, níbi tó ti fẹ́ kó àwọn ọmọbìnrin méjì láti ilé-ìwé mìíràn lọ. Aṣọ tuntun wà lọ́rùn wọn. Àwọn òbí wọn ló sunkún jù nígbà tí wọ́n gba ọmọ wọn padà.

Lẹ́yìn náà, ọ̀gá ilé-ìwé bá Ọ̀jọ̀gbọ́n wá sikọ́láṣíìpù tó ṣeé wádìí. Àkọ́kọ́ kò bọ́ sí i. Ó sunkún, ó nu ojú, ó tún gbìyànjú. Ìkejì pè é fún ìdánwò, ó sì yege. Kì í ṣe òkè òkun; yunifásítì ìlú kejì ni. Ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko ló ń kọ́ níbẹ̀, ìyá rẹ̀ sì máa ń lọ wò ó.

Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ yín bá mọ̀wé, àwọn olóore á wá, àwọn gbọ́mọgbọ́mọ náà á wá. Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ìwé kí ẹ tó dáhùn. Ẹ béèrè orúkọ, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń lọ, ẹ má fi ìwé ọmọ yín lé àlejò lọ́wọ́. Tí ara bá fu yín, ẹ lọ bá ọlọ́pàá. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ má tijú láti béèrè. Oore tí kò lè yọjú sí olùkọ́ ọmọ yín, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín tẹ̀ lé e.