Ewé Tí Bándélé Kó Kúrò Lójú Títì

Ọ̀rẹ́ mi, bí ẹnìkan bá ti ṣẹ̀ ọ́, tí o sì ń ṣọ́ ọjọ́ tí ìwọ náà yóò fi hàn án, má tí ì sọ ìwé yìí nù.

Bándélé ará Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ní píkọ́ọ̀pù àlòkù kan tó fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Òṣogbo. Okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀ kan. Síbẹ̀, iṣẹ́ píkọ́ọ̀pù yìí náà ló fi rán Cornelius àbúrò rẹ̀ lọ sí yunifásítì.

Nígbà tó yá, Cornelius dé láti Àbújá pẹ̀lú ọkọ̀ bọ̀gìnnì ẹlẹ́nu-ọ̀nà méjì. Ọkọ̀ náà ń dán gbinrin, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ru odidi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, ó pariwo lójú gbogbo ìjọ pé, "Bùọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àgò adìyẹ yín jìnnà sí mọ́tò mi!"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà wọ Bándélé ní akínyẹmí ara.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀san ló ń jẹ, ẹ̀san ló ń mu. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ yẹn rún, ó sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Elisha, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń lẹ táyà ní Old Garage ní Òṣogbo, bẹ̀ ẹ́ títí.

"Bándélé, Ọlọ́run ló ni ẹ̀san. Fi lé Jésù lọ́wọ́."

"Màá fi lé E lọ́wọ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọwọ́ tèmi bà á ná."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, píkọ́ọ̀pù náà dákú ní kọ́nà kan, kó tó dé Iwaraja. Bándélé já ewé tútù, ó tò ó sójú títì lẹ́yìn ọkọ̀ bí awakọ̀ ti máa ń ṣe, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé ewu wà níwájú. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ìró kan lókèèrè. Cornelius ni. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tó ń bú bẹ́ẹ̀ ládùúgbò, eré burúkú ló sì ń sá.

Inú Bándélé dùn. Ó sáré kó gbogbo ewé náà mọ́ra.

"Wá kọlu àgò adìyẹ," ló wí. "Wá wo èyí tó le nínú méjèèjì!"

Cornelius yọ ní kọ́nà, ó rí píkọ́ọ̀pù, ó yà bàrá. Igi kòkó ló dá a dúró. Ọkọ̀ olówó ńlá náà rún wómúwómú, Bándélé sì sáré lọ síbẹ̀ láti yọ̀ ọ́.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí nínú ọkọ̀ náà, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Cornelius ń kérora lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bándélé," ni ìyá wí, "à ń lé ọ bọ̀ ni, kí àbúrò rẹ lè bẹ̀ ọ́. Ṣé o ò fi ewé sójú títì ni?"

Ewé náà wà ní abíyá Bándélé.

Bọ́ọ̀sì kan gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Iléṣà. Nígbà tí Elisha gbọ́, ó wá, ó bá Bándélé níta níbẹ̀ tó ń sunkún.

"Ṣé Jésù lè gba irú èmi yìí?"

"Irú wa ló kú fún. Ronú pìwà dà, kí o sì lọ jẹ́wọ́ fún wọn."

Bándélé kúnlẹ̀ gbàdúrà, ó wọlé, ó jẹ́wọ́. Cornelius ní, "Bùọ̀dá mi, ẹnu mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ dárí jì mí." Ara ìyá ti yá báyìí. Ọ̀pá ni Cornelius fi ń rìn, píkọ́ọ̀pù sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ta ni o dì sínú? Ṣé o mọ ẹni tó jókòó ti ọ̀tá rẹ nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ yẹn? Ọlọ́run ti já ewé sójú ọ̀nà rẹ lónìí. Má kó o kúrò. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o ké pe Jésù, kí o tó dé kọ́nà.