Ẹ Má Ta Ìlẹ̀kùn

Orí bẹ́ǹṣì ni ọkùnrin náà dúró sí, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, iṣan ọrùn rẹ̀ le bí okùn ìfàmi, nígbà tí obìnrin kan tó wọ aṣọ àwọ̀ ọsàn dìde láàárín èrò, tó sì sọ gbólóhùn kan tó pa gbogbo ẹnu mọ́.

"Ẹ tà á!"

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tí wọ́n fẹ́ tà, kí ẹ má baà rò pé ewúrẹ́ ni. Ọmọ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà ni, irùngbọ̀n kò tíì mọ ibi tí yóò hù sí lójú rẹ̀. Àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ sọ ọ́ ní Ìlẹ̀kùn, nítorí bó bá ti tì, ó tì nìyẹn. Àwọn tó ń gbá iwájú fún ẹgbẹ́ mìíràn á sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí ẹṣin, wọ́n á sì padà bí àlejò tí kò bá onílé nílé.

Òkìkí rẹ̀ ti dé òkè òkun. Ẹgbẹ́ ńlá kan níbẹ̀ fẹ́ rà á. Láti ọjọ́ tí ìròyìn náà ti jáde ni àwọn alátìlẹ́yìn ti pín sí méjì, Ẹ-Tà-Á àti Ẹ-Má-Tà-Á, tí wọ́n sì ń bá ara wọn jà lábẹ́ òrùlé páànù tó wà lẹ́yìn pápá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rẹ́ kò kí ọ̀rẹ́ mọ́. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń kọ̀yìn síra wọn jókòó.

Ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì yìí ni olórí Ẹ-Má-Tà-Á. Ajórin ni, géètì àti irin fèrèsé ni iṣẹ́ rẹ̀. Àtimáa pariwo borí ẹ̀rọ tó fi ń gé irin ló sọ ohùn rẹ̀ di ohun tí àgbà bá gbọ́ tí í di etí mú. Gbohùngbohùn ni gbogbo wọn ń pè é.

"Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn?" ló fi ohùn ààrá béèrè, bí ẹni pé kò rí aṣọ ọsàn.

"Èmi ni. Ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀gbọ́n. A ti rí yín."

Ẹ̀rín bú.

"Arábìnrin, ṣé ẹ tilẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù?"

"Aránṣọ ni mí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ọmọ bá ń dàgbà, tí wọ́n kọ̀ tí wọn ò tú ṣòkòtò rẹ̀ kí wọ́n fẹ̀ ẹ́, yóò ya. Ibi tí yóò sì ti ya, gbogbo ayé ni yóò rí i."

Gbohùngbohùn la ẹnu láti fọ́ ọ̀rọ̀ náà túútúú. Afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ jáde, ọ̀rọ̀ kò bá a jáde. Ó wo obìnrin náà bí ẹni tó kọ́kọ́ rí òkun, tó ń wá òdìkejì rẹ̀ tí kò rí i.

"Ẹ wò ó!" ni onígbàjámọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pariwo. "Iná ti lọ lára Gbohùngbohùn!"

Nígbà tí iná máa fi padà dé, ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Ẹ... ẹ jókòó, ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ ro yín."

"Ọ̀dàlẹ̀!" ni àwọn èèyàn rẹ̀ kígbe.

Kò pẹ́ tí Gbohùngbohùn fi gbé ṣòkòtò kan dé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà. Obìnrin náà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Kí ló ya á?"

"Eku ni."

"Eku ilé yín mọ àlùmọ́gàjí lò o! Ẹ wò ó bó ṣe gé e tààrà."

Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó bá a rán an, ó ní kí ó kí eku. Lọ́jọ́ kejì, eku ti gé ẹ̀wù.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Gbohùngbohùn ń pè é ní Abẹ́rẹ́ mi, nítorí ẹnu rẹ̀ tó ń gún ni. Òun náà ń pè é ní Aláriwo mi. Wọ́n á jiyàn Ìlẹ̀kùn láti ṣọ́ọ̀bù dé ìkóríta, wọ́n á jiyàn rẹ̀ padà, nítorí kò sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ dágbére. Bí aránṣọ bá tẹ orí ba, tó ń fi eyín já òwú, ajórin tí í wo iná irin láìsẹ́jú á gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tó yá, aránṣọ ní kí ó wá kí bàbá òun. Gbohùngbohùn fọ ọwọ́ títí dúdú irin fi kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó wọ aṣọ tí eku kò mọ̀ rí, ó kan ìlẹ̀kùn. Ìlẹ̀kùn ṣí.

Ta ló ṣí i? Ìlẹ̀kùn fúnra rẹ̀! Ọmọ tí gbogbo ìlú ń tìtorí rẹ̀ jà ló dúró síbẹ̀, ọṣẹ ìfọwo dé ìgúnpá rẹ̀, àwo kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀, ó ń wá bàtà."

 Ajórin wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, ẹsẹ̀ tó ń dá ẹṣin dúró, nínú sálúbàtà tí okùn kan ti já.

"O ò sọ fún mi pé àbúrò rẹ ni!" ló sọ nígbà tí aránṣọ yọjú.

"Bí mo bá sọ, ta ni ì bá tún sọ òótọ́ lójú mi? Mo fẹ́ mọ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ àti ẹni tó kàn fẹ́ràn àtiborí."

Bàbá wọn, ọ̀gá nínú títún aago ṣe, gbé ojú sókè lórí iṣẹ́ rẹ̀. Gíláàsì kékeré tó fi ń wo inú aago ṣì wà lójú rẹ̀ kan, ó sì fi wo àlejò náà bí ẹni pé ó ń wá ibi tó ti bàjẹ́.

"Ìwọ lo fẹ́ ọmọ mi? Ó dáa. Ṣé o mọ̀ pé ó ń hanrun?"

"Bàbá!" ni aránṣọ, tó ti wọ ilé ìdáná, pariwo.

"Oúnjẹ rẹ̀, ajá kì í jẹ ẹ́. Bí inú bá bí i, ìgbálẹ̀ ló fi ń lé àlejò."

"Èmi náà ń hanrun, Bàbá," ni Gbohùngbohùn fèsì. "A ó máa dáhùn ara wa."

Arúgbó náà pa ẹ̀rín mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ rọ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Bí wọ́n bá ta àbúrò rẹ̀, gbogbo wa la máa bá a lọ. Ẹnikẹ́ni ò ní kù nílé yìí."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí ajórin láyà bí irin gbígbóná tó bọ́ sómi. Láti ọjọ́ náà, Ẹ-Má-Tà-Á kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù fún un mọ́. Bí wọ́n bá ta Ìlẹ̀kùn, wọ́n ti gbé Abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn olùrà ń bọ̀ wá fi ojú ara wọn wo ọmọ náà, jìnnìjìnnì bo Ẹ-Má-Tà-Á. Gbohùngbohùn rántí bàbá aránṣọ àti ìhanrun. Ó fò sórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Ọjà tí èèyàn ò bá fẹ́ tà, ńṣe ló ń bú u lójú olùrà. Bí Ìlẹ̀kùn bá ti fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, ká hó lé e lórí! Wọ́n á rò pé kò wúlò, wọ́n á sì máa lọ."

Wọ́n gbé e sọ sókè fún ọgbọ́n yìí. Kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó béèrè ẹni tó máa sọ fún ọmọ náà pé eré ni.

Ọjọ́ pé. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ dé ẹsẹ̀ Ìlẹ̀kùn.

"Húùùù! Pátákó jíjẹrà! Ikán ti jẹ ẹ́!"

Ọmọ náà wo ẹ̀yìn rẹ̀, láti mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Nígbà náà ló wo àwọn èèyàn rẹ̀, àwọn tó ń ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri. Ní òdìkejì, obìnrin aláṣọ ọsàn náà dìde. Ariwo pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn kan wà nínú rẹ̀ tí kò lè ṣì mọ̀ láéláé.

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ jẹ́rìí mi. Gbogbo ohun tó ti gbá tẹ́lẹ̀ di ìdánrawò. Ó ń dé ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kí bọ́ọ̀lù tó mọ̀ pé ibẹ̀ lòun ń lọ. Ní ìparí, àwọn alátakò mẹ́ta já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, aṣọ́lé ti ṣubú, àwọ̀n ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọmọ náà sáré láti apá kejì, ó nà bí òjìji ìrọ̀lẹ́, ó mú bọ́ọ̀lù náà kúrò lẹ́sẹ̀ alátakò láìfara kàn án, lórí ìlà gan-an. Alátakò náà ṣubú. Ìlẹ̀kùn tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́, ó fà á dìde, ó gbọn koríko kúrò léjìká rẹ̀, kó tó wá gbá bọ́ọ̀lù náà lọ jẹ́jẹ́.

"Hú" tó wà lọ́fun Gbohùngbohùn kò jáde mọ́. Bàbá arúgbó kan ṣí fìlà. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ kéré. 

Olórí àwọn olùrà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, yíjú sí alága ẹgbẹ́. "Bí ó bá lè gbá báyìí nígbà tí ará ilé rẹ̀ ń bú u, kí ni ìjì tiwa lókè òkun fẹ́ fi í ṣe? Ìlọ́po méjì owó tí a sọ la máa san. Lónìí!"

Bí Ẹ-Má-Tà-Á ṣe fi ẹnu ara wọn ta Ìlẹ̀kùn nìyẹn.

Aránṣọ dúró lẹ́nu géètì pápá. Gbohùngbohùn sáré lọ bá a.

"Abẹ́rẹ́ mi..."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ yìí ni mo sọ fún Bàbá pé mi ò bá wọn lọ mọ́. Mo ní mo ti rí ẹni tí mo fẹ́ dúró tì. Mo wá síbí láti wá sọ fún ọ." Omi dé ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé e padà. "Ẹnu tí o fi ń pè mí ní olólùfẹ́ náà lo fi pe ọmọ tí mo tọ́ ní pátákó jíjẹrà."

"Ìfẹ́ ló mú mi ṣe é. Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ."

"Ìfẹ́ tó ń bú èèyàn kó má baà lọ kì í ṣe ìfẹ́. Àgádágodo ni."

Ó lọ. Ajórin tó ti rọ àìmọye géètì dúró lẹ́nu géètì, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á jáde.

Nílé, aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù tirẹ̀ náà. Bàbá rẹ̀ wò ó títí, ó yọ gíláàsì kúrò lójú. "Ọ̀dọ̀ mi ni ọkùnrin yẹn ti kọ́ èébú, ọmọ mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ bú ọ lójú rẹ̀, kí ó má baà mú ọ lọ. Mi ò gbọdọ̀ dá a lẹ́bi kí n má dá ara mi lẹ́bi."  Aṣọ tí aránṣọ ń ká lọ́wọ́ kò wọ àpótí.

Gbohùngbohùn kò lọ bá a. Ọ̀dọ̀ ọmọ náà ló lọ, níbi tó ti ń dá ṣe ìdánrawò.

"Àbúrò, irọ́ ni mo pa mọ́ ọ. Mo fi ọ́ ṣe ọgbọ́n ara mi."

"Mo sunkún níbi tí a ti ń wẹ̀," ni ọmọ náà wí, ó sì ń yí bọ́ọ̀lù lábẹ́ ẹsẹ̀. "Mo rò pé ẹ ti rí nǹkan kan lára mi tí èmi ò rí."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Ọjọ́ tí mo bá gbá bọ́ọ̀lù ìdágbére mi, ẹ kàn sọ ohun tí ẹ rí gan-an."

Lọ́jọ́ náà, Gbohùngbohùn gun bẹ́ǹṣì níwájú gbogbo àwọn alátìlẹ́yìn.

"Èmi ni mo kọ́ yín ní èébú! Mo mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ mọ́ ọmọ tó dára jù tí ojú mi rí rí. Ẹ bá mi wí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó lọ, kí gbogbo ayé rí i!"

Wọ́n bá a wí dáadáa. Onígbàjámọ̀ tilẹ̀ sọ bàtà lù ú. Gbohùngbohùn bẹ̀rẹ̀ sí í kì ọmọ náà, òun nìkan: ẹsẹ̀ rẹ̀, sùúrù rẹ̀, ọwọ́ tó na sí ẹni tó ṣubú. Ẹ-Tà-Á kọ́kọ́ bá a gbè é, Ẹ-Má-Tà-Á sì tẹ̀ lé wọn, títí páànù òrùlé fi ń gbọ̀n. Kò sinmi láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin. Ìlẹ̀kùn gbé ọwọ́ sókè sí i láàárín pápá, aránṣọ sì fi gèlè bo ojú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó kan ìlẹ̀kùn wọn. Bàbá ṣí i.

Gbohùngbohùn la ẹnu. "Hẹẹẹ," ló jáde, bí táyà tó ń jò. Ohùn ti lọ, kò ku ẹyọ kan.

"Kí ló ń ṣe é?" ni bàbá béèrè.

Aránṣọ ti dé. Ọkùnrin náà tọ́ka sí ara rẹ̀, ó fọwọ́ lu ẹnu ara rẹ̀, ó mi orí, ó fi ọwọ́ sí àyà.

"Àyà ló ń dùn ún! Ẹ gbé omi gbígbóná wá!"

"Bàbá, kì í ṣe àyà. Ó ní ẹnu òun jẹ̀bi."

Ajórin tọ́ka sí aránṣọ, ó tọ́ka sí ojú ọ̀nà tó jìn, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì.

"Ó ní bí mo bá fẹ́ bá yín lọ, òun ò ní dí mi lọ́nà." Ohùn rẹ̀ já. "Ó ní ibi tí mo bá wà, òun á máa sọ òótọ́ nípa mi."

Ọwọ́ ajórin sọ̀ kalẹ̀. Ó ti tán. Kò ní ìgboyà láti béèrè ohun mìíràn, kò tilẹ̀ gbé ìka kan mọ́. Ó kàn dúró, ó ń wò ó.

Aránṣọ wò ó padà, ó pẹ́. Ó rìn wá, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tí iná ti ta káàkiri, ó fi ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

"Mo gbọ́," ló wí. "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló béèrè?" ni bàbá béèrè, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. "Mi ò rí i kó ṣe nǹkan kan!"

"Bàbá, ẹ jókòó, ẹ bá wa mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Mo fẹ́ kó wáyé kí àbúrò mi tó wọ ọkọ̀."