Ife Fódíkà Kan Nínú Omi Ẹja

Wiebke, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, da ife fódíkà kan sínú omi ẹja bàbá ìyá rẹ̀, Bàbá Eggert, ní ìlú Wilhelmshaven ní Jámánì, mẹ́fà nínú ẹja méje sì kú.

Kì í ṣe pé ọtí jẹ́ èèwọ̀ nínú omi náà. Bàbá Eggert fúnra rẹ̀ ń lò ó. Àwọn tó ń sin ẹja òkun nínú àpótí gíláàsì nílé mọ̀ pé ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń di náítíréètì, ìdọ̀tí tí ojú kì í rí. Bí fódíkà bá kán sínú omi níwọ̀nba, àwọn kòkòrò tíntìntín inú omi á jẹ ẹ́, wọ́n á sì jẹ náítíréètì mọ́ ọn. Ìdajì mílílítà ni bàbá náà ń fi síríńjì fà láràárọ̀. Kì í lé rárá.

Nígbà tó ń lọ sí ilé ìwòsàn fún iṣẹ́ abẹ ìbàdí, ó pe Wiebke.

"Ìdajì mílílítà láràárọ̀. Tó bá di Sọ́ńdè, bu garawa omi méjì kúrò, kí o fi garawa omi iyọ̀ méjì rọ́pò rẹ̀. Yẹ náítíréètì wò, kí o sì pè mí. Kò gbọdọ̀ ju mẹ́wàá lọ."

"Bàbá Àgbà, ẹ ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta."

"Màá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin. Èmi ni mò ń bá wọn gbé, kì í ṣe ìwọ."

Òótọ́ ló sọ. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ẹja yẹn ló ń kí láàárọ̀. Méjì tó pọ́n bí ọsàn nínú wọn, ìyàwó náà ló rà wọ́n, ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́, Wiebke ṣe gbogbo rẹ̀. Náítíréètì jẹ́ márùn-ún. Ní Sọ́ńdè kejì, kò tíì pọn omi tí Femke ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá fèrèsé.

"Ṣé ẹja ti di ọkọ ẹ ni? Jáde jàre! Gbogbo wọn ti wà létí òkun."

Wiebke wo garawa. Ó wo fèrèsé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbélẹ̀. Ó jáde, ó sì pe bàbá rẹ̀ àgbà láti etí òkun.

"Mélòó?"

"Márùn-ún."

"Kí ló ń hó bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Ẹ̀rọ omi ni, Bàbá Àgbà."

Sọ́ńdè kẹta, bákan náà. Márùn-ún. Àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Kí ó lè rí ara rẹ̀ bí ọmọ dáadáa, ó ń fún ẹja lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ dípò ẹ̀ẹ̀kan. Kò mọ̀ pé ìdọ̀tí ló ń fi kún ìdọ̀tí.

Ní Fúráìdè, ìyá rẹ̀ ní Bàbá Àgbà ń bọ̀ ní Sọ́ńdè. Wiebke sáré láti iléèwé lọ sí ilé bàbá náà, Femke tẹ̀ lé e. Ó kán oògùn sínú omi díẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Omi náà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Náítíréètì ti di ọgọ́rin.

Ó jókòó, ó dìde. Ó lọ sí ilé ìdáná, ó padà wá. Ó mú fóònù, ó gbé e sílẹ̀.

"Ìdajì mílílítà ń jẹ díẹ̀, àbí?" Femke ní. "Ife kan á jẹ gbogbo ẹ̀."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Èmi ni mo ni ẹja ni?"

Wiebke da ife fódíkà kan síbẹ̀.

Nígbà tó dé ní àárọ̀ Sátidé, omi ti funfun bí wàrà tí wọ́n bu omi là. Àwọn kòkòrò ti jẹ ọtí yó, wọ́n ti pọ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n sì ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú omi tán. Àwọn ẹja ń lanu lókè omi. Ó pe bàbá rẹ̀ àgbà.

"Omi ti funfun, Bàbá Àgbà."

"Fódíkà mélòó lo dà sí i?"

"Ife kan."

"Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ tábìlì. Tàn án! Bu omi kúrò! Omi iyọ̀ dà?"

Kò sí. Kò po omi iyọ̀ kankan láti ọ̀sẹ̀ méjì. Kí iyọ̀ tó yọ́ nínú garawa àkọ́kọ́, àwọn méjì tó pọ́n bí ọsàn ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí yanrìn.

Ní ọ̀sán, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù.

"Márùn-ún, márùn-ún, márùn-ún," ni bàbá náà wí. "Omi kì í dúró sójú kan bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ gbà ọ́ gbọ́ ni."

Kí a sọ ọ́ bó ṣe rí: irọ́ ló pa àwọn ẹja yẹn, ọtí kàn bá a parí iṣẹ́ ni. Ká ní Wiebke sọ "ọgọ́rin" ní Fúráìdè, ìbáwí díẹ̀ àti garawa omi díẹ̀ ni ì bá ná an. Ohun tó bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀ là ń tún un ṣe. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, kí ó tètè sọ.

Ní Sọ́ńdè, Bàbá Eggert fi ọ̀pá méjì rìn wọlé. Kò pariwo. Ó fi ẹja kan tó kù tọrẹ, pẹ̀lú àpótí gíláàsì rẹ̀. Bí Wiebke bá wá kí i, á fún un ní tíì, á béèrè nípa iléèwé rẹ̀. Àmọ́ bí bàbá náà bá nílò oògùn, ọkùnrin ilé kejì ló máa ń rán, kì í ṣe Wiebke.