Ẹkún Opó Nínú Orin Fíìmù

Bí o bá gbé ní Niamey, olú ìlú Niger, lọ́dún tí orin ráàpù inú fíìmù yẹn jáde, o jó sí i. Má ṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Àwa tí à ń pe ara wa ní ará ìjọ gan-an, ẹsẹ̀ wa kò dúró jẹ́ẹ́. Tasí kan kì í kọjá kó má gbé e sí rédíò. Ọdún ìdìbò ni, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú pàápàá ń fi í pe èrò sí ìpàdé wọn.

Ṣé o rántí ohùn obìnrin tó ń ké ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò? Ohùn Fadékẹ́ ni, opó ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta aṣọ ní Grand Marché, ọjà ńlá Niamey. Kò mọ̀ pé wọ́n gba ohùn òun sílẹ̀. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló ṣe é.

Àdìgún ni ọmọ náà ń jẹ́. Àdúgbò Banifandou ní Niamey ni wọ́n bí i sí, ó sì gbọ́ Zarma, èdè ibẹ̀, ju Yorùbá lọ. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó bínú fi ìjọ sílẹ̀. Ó ní Ọlọ́run tí kò wo bàbá òun sàn, kí ni òun fẹ́ bá a sọ? Ó di ọmutí, ó di olórin ráàpù. Òun àti Boubacar, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé, ni wọ́n jọ ń kọrin. Yàrá kan ni wọ́n jọ ń gbé ní àdúgbò Poudrière, abọ́ kan náà ni wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì.

Láàárọ̀, kí Fadékẹ́ tó lọ sọ́jà, á máa ká aṣọ títà, á sì máa sunkún pe ọkọ rẹ̀: “Àjàdí o! O mú mi wá sí Niamey, o fi mí sí Niamey, o lọ.” Kò ké e níwájú ẹnikẹ́ni rí. Àárín òun àti òkú ọkọ rẹ̀ ló wà. Lọ́jọ́ kan Àdìgún wá kí i, ó gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn aṣọ ilẹ̀kùn, ó yọ fóònù, ó gbà á sílẹ̀. Ó mọ̀ pé bàbá òun ni ìyá òun ń pè. Ṣùgbọ́n ó dùn létí rẹ̀, ó tán.

Àdìgún kọ gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà, Boubacar fi ìlù sí i. Boubacar ló mọ àwọn tó ń ṣe fíìmù kan nípa àwọn ọmọ ìta, òun ló sì gbé e lọ fún wọn. Wọ́n fi orin náà síbi tí èrò ti ń lé olè.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àdìgún ra bàtà tuntun. Nígbà tí fíìmù parí, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú aṣọ funfun: Boubacar ló kọ ọ̀rọ̀ orin, Boubacar ló ṣe ìlù, Boubacar ló kọ ọ́ lórin. Wọ́n pè é sórí pèpéle. Àdìgún ti dìde dúró, ó ń retí kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nawọ́ sí òun. Boubacar kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lóde, Àdìgún dì í lápá mú. “Boubacar, èmi dà?”

Boubacar rẹ́rìn-ín sí àwọn tó yí i ká. “Ẹ má dá a lóhùn,” ló wí. “Ọmọ Nàìjíríà tó ń bá mi gbé ẹrù ni.”

Háà! Ó dùn ún dé egungun. Ó mutí, ọtí kò mú ìrora náà lọ. Gbogbo ibi tó bá yà sí ni orin náà ti ń pàdé rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ra bẹntiróòlù ìgò kan létí títì, ó kọrí sí sítúdíò Boubacar. Ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé Boubacar wà nínú ilé. Gbọ́ mi dáadáa: apànìyàn ló ń lọ yẹn.

Ọlápàdé ló pàdé rẹ̀ lọ́nà, ọ̀dọ́kùnrin onígbàgbọ́ kan tí wọ́n jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nígbà èwe.

“Àdìgún, kí lo fẹ́ fi epo ṣe? O ò kúkú ní ọkọ̀.”

“Yà fún mi! Boubacar dà mí. Ó gbọ́dọ̀ jóná.”

“Ó dà ọ́ lóòótọ́, mi ò jiyàn. Màmá ń kọ́?”

“Kí ló ṣe Màmá?”

“O ò gbọ́? Látìgbà tí orin yín ti jáde, Màmá ò dé ìsọ̀ mọ́. Àwọn obìnrin wa lọ́jà dá ohùn wọn mọ̀. Wọ́n ní Màmá ta òkú ọkọ wọn fún àwọn onífíìmù, kí wọ́n fi lé olè. Àdìgún, ta lo bi léèrè kí o tó gba ohùn yẹn?”

Àdìgún jókòó sínú yanrìn. “Yéè,” ló wí, “mo da ìyá mi.”

Ọlápàdé rọra gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹni tó ń bá Jésù jẹun ló ta Jésù,” ló wí. “Ó sì mọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀ ó wẹ ẹsẹ̀ onítọ̀hún bó ṣe wẹ ti àwọn yòókù, ó sì lọ kú. Ó kú fún ẹni tí wọ́n dà, ó kú fún ẹni tó da èèyàn. Ìwọ ni méjèèjì.”

Létí títì níbẹ̀, tí tasí ń kọjá tó ń gbé orin náà, Àdìgún kúnlẹ̀. “Jésù, mo fẹ́ pànìyàn, mo sì ti ta ìyá mi. Gbà mí.” Jésù gbà á.

Nígbà tó dé ilé ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó jẹ́wọ́ pé òun ló gba ẹkún náà sílẹ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ ilẹ̀kùn.

“Inú ń bí mi, Àdìgún,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Ó ṣì lè bí mi lọ́la. Èmi àti bàbá rẹ la ni ẹkún yẹn. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí n ṣépè fún ọ. Dìde. Mo forí jì ọ́.”

Àdìgún lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ní Grand Marché, ó ń sọ fún àwọn ará wa pé, “Ìyá mi kò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo jí ohùn rẹ̀.” Ojú tì í, àmọ́ ìyá rẹ̀ padà sẹ́nu òwò. Ó lọ bá Boubacar náà, ó sọ ohun tó ti fẹ́ ṣe fún un, ó tọrọ àforíjì. Boubacar fi í rẹ́rìn-ín. Orúkọ Àdìgún kò sí nínú fíìmù náà títí dòní, ó sì ń gbàdúrà fún Boubacar.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ó ní ẹni tó ṣẹ̀ ọ́, mo mọ̀. O lè ro ẹjọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ta ni ìwọ náà ṣẹ̀, tí yóò ro tìrẹ? Ṣé aya rẹ ni, tàbí ẹni tó fọkàn tán ọ? Jésù tí o ṣèlérí fún nígbà àìsàn, tí o sì pa tì nígbà tí ara yá, òun ńkọ́?

Má sọ pé ó di ọjọ́ Àìkú. O ò mọ ibi tí ìbínú rẹ ń gbé ọ lọ lọ́sàn-án òní. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, ìbáà jẹ́ nínú ìsọ̀ láàárín àwọn oníbàárà. Má bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí wọ́n ṣe sí ọ. Ohun tí ìwọ ṣe ni kí o kọ́kọ́ sọ. Jésù, ẹni tí o tà gan-an, ni yóò dá ọ lóhùn.